Ṣé oògùn ẹ̀fọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, àbí ọ̀nà tí a fi ń dán an wò?

Adéwùmí: Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Pyrethroid, oògùn apẹ̀fọn, wà lára nẹ́ẹ̀tì, Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Wọ́n tún gbé chlorfenapyr, oògùn mìíràn, dé. Ẹni tó bá dán an wò, tó sì ka òkú lẹ́yìn wákàtí 24, á rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ṣì ń fò. Kí ni tuntun níbẹ̀? Kí wọ́n ṣáà sọ ìwọ̀n pyrethroid di ìlọ́po méjì.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀gbọ́n, wákàtí 24 yẹn gan-an ni àṣìṣe. Chlorfenapyr kì í lu iṣan bíi pyrethroid. Bó ṣe wọlé kọ́ ló ń pa ẹ̀fọn. Ara ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di májèlé, májèlé náà á wá dá iṣẹ́ agbára dúró nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀fọn á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ bí àtùpà tí epo ń gbẹ nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní wákàtí 72 ni ká ka òkú. Ìgò la fi ń ṣe é, kì í ṣe bébà tí wọ́n fi oògùn rẹ: ìgò 250 ml, 100 máíkírógíráàmù oògùn nínú 1 ml acetone, omi tó ń yọ́ oògùn, ẹ yí ìgò náà títí oògùn á fi kárí, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Abo ẹ̀fọn 25 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọjọ́ 3 sí 5, tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀. Wákàtí kan péré. Lẹ́yìn náà ẹ kó wọn sínú ife, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi ṣúgà 10% sí i. Ìgò 4 fún oògùn, 2 tí acetone nìkan wà nínú rẹ̀.

Tàlàbí: Ẹ má gbàgbé òtútù o. 27°C ni, ó lè fi 2 lé tàbí kó fi 2 dín. Tí yàrá bá wà ní 22, ara ẹ̀fọn ò ní yára yí oògùn náà padà, ẹ ó wá pariwo pé ẹ̀fọn ti borí chlorfenapyr, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ amúlétutù ló borí yín.

Ìṣirò náà tún wà ńbẹ̀. Tí 90 nínú 100 bá kú níbi oògùn, tí 10 nínú 100 sì kú níbi tí kò sí oògùn, ẹ má kọ 90%. 90 yọ 10, ó ku 80; 100 yọ 10, ó ku 90; 80 nínú 90 jẹ́ 88.9%. 98% sókè, oògùn ṣì ń pa á. 90 sí 97, ẹ tún un ṣe. Ìsàlẹ̀ 90, ẹ̀fọn ti borí rẹ̀. Ẹ rí i pé 90 àti 88.9 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Tí òkú ibi tí kò sí oògùn bá sì tó 20%, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù.

Adéwùmí: Ó dáa, mo gba ti wákàtí 72. Ìlọ́po méjì tí mo sọ ńkọ́?

Àdìó: Ìlọ́po méjì kẹ̀? Ìlọ́po 5 àti ìlọ́po 10 la fi ń wọn agbára ẹ̀fọn, àwọn kan sì wà tí ìlọ́po 10 gan-an kò pa tán. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré nìkan ni ìlọ́po méjì yín máa pa, á fi àwọn tó le jù sílẹ̀ kí wọ́n máa bímọ. Ohun méjì ló sábà máa ń fa ìṣòro yìí. Àkọ́kọ́ ni L1014F, àyípadà kan nínú àbùdá ẹ̀fọn: ojú ibi tí oògùn ń dì mọ́ lára iṣan ti yí padà. Ibẹ̀ náà ni DDT, oògùn àtijọ́, ń dì mọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ká padà sí DDT. Èkejì ni ẹ́ńsáìmù P450 tó ń jẹ oògùn kó tó débi iṣan. PBO, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ pyrethroid, ló ń dí ìyẹn lọ́wọ́. Ẹ fi ẹ̀fọn sórí bébà PBO 4% fún wákàtí kan, kí ẹ tó kó o sórí bébà pyrethroid. Tí òkú bá pọ̀ sí i gan-an, nẹ́ẹ̀tì PBO á wúlò. Tí kò bá yí padà, ẹ má náwó sí i.

Mọ́remí: Ẹ̀yin àgbà, tí wọ́n bá wá po PBO pọ̀ mọ́ chlorfenapyr nínú nẹ́ẹ̀tì kan ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́: Àgbẹdọ̀, àbúrò! P450 tí PBO ń dí lọ́wọ́ wà lára ohun tó ń sọ chlorfenapyr di májèlé. Ẹ̀fọn tí P450 rẹ̀ pọ̀, tó ń fi borí pyrethroid, òun gan-an ló lè tètè kú níbi chlorfenapyr. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n wà. Ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nẹ́ẹ̀tì PBO, 2023 ni ti pyrethroid pẹ̀lú chlorfenapyr.

Adéwùmí: Tí ẹ̀fọn bá tún wá mọ ọgbọ́n chlorfenapyr?

Àdìó: Ó ṣeé ṣe. Oògùn ara ògiri rọrùn láti pààrọ̀: pirimiphos-methyl lọ́dún kan, clothianidin lọ́dún kejì. Kí ẹ tó ra pirimiphos-methyl, ẹ wo àbùdá ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Ace-1. Tí G119S, àyípadà inú àbùdá yẹn, bá pọ̀ lára ẹ̀fọn yín, bendiocarb, oògùn ògiri mìíràn, náà lè má ràn yín lọ́wọ́. Nẹ́ẹ̀tì ló le láti pààrọ̀, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń retí kó lò.

Mọ́remí: Ṣé PCR, àyẹ̀wò àbùdá, nìkan ò tó? Ó yá ju gbogbo ìgò yìí lọ.

Tàlàbí: PCR á sọ fún ọ pé àbùdá náà wà. Kò ní sọ iye ẹ̀fọn tó máa kú. Gbé ìgò ná.