Èsì wa sí oníbàárà tó kọ̀wé nípa owó ilé ìtọ́jú ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì ń bá yín tọrọ àlàáfíà fún Màmá. A ti ka ohun tí ẹ kọ nípa iṣẹ́ ìmọ̀ràn tí a ṣe fún yín lórí owó ìtọ́jú Màmá, a sì rí i pé ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni ẹ fún wa. Ẹ ní a gba owó lọ́wọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ tí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń sọ fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní a kọ̀ láti bá yín yí ilé Màmá tó wà ní Peckham sí orúkọ yín kí káńsù má baà gbà á. Ẹ tún ní ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tí a júwe fún yín kò ju ibi tí wọ́n ti ń mu tíì lọ. Ohun tí ẹ fúnra yín ti kọ síta nìkan ni a ó fèsì sí níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera Màmá kì í ṣe ti ìta gbangba. Bí èsì yìí bá gùn díẹ̀, ẹ má bínú, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń bi wá ní ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ ilé ló dùn yín jù, òun ni a ó sì fi ṣáájú. Òótọ́ ni pé a kọ̀, a ó sì tún kọ̀ bí ẹlòmíràn bá gbé irú rẹ̀ wá lọ́la. Lábẹ́ Care Act 2014, òfin ìtọ́jú ní England, bí ẹni tó nílò ìtọ́jú bá fi dúkìá rẹ̀ ta ọmọ lọ́rẹ, tí káńsù sì rí i pé ìdí pàtàkì tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni kó má baà sanwó ìtọ́jú, káńsù lè ṣírò dúkìá náà bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè bá ẹni tó gba ẹ̀bùn náà fà á lórí owó tó yẹ kó wọlé. Ọdún méje tí àwọn èèyàn máa ń dárúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, pé bí ó bá ti kọjá lórí ẹ̀bùn kò sí wàhálà mọ́, ti owó orí ogún ni, kò kan owó ìtọ́jú rárá. Káńsù lè wo ẹ̀yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ara ẹni náà ti rí ní ọjọ́ tó fi dúkìá sílẹ̀, bóyá ara rẹ̀ ṣì le tàbí àìsàn ti ń fojú hàn. Ẹ̀yin fúnra yín sì kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí Màmá ti ọsíbítù dé látàrí rọpárọsẹ̀ ni ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, ilé kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ohun tó wà lójú ìwé kìn-ín-ní lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sí yín ni pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó yẹ kó sanwó, bóyá káńsù ni tàbí NHS, ètò ìlera ìjọba. Ìtọ́jú tí káńsù ń ṣètò, wọ́n á wo àpò ẹni kí wọ́n tó dá sí i. Èyí tó bá jẹ́ pé àìlera gan-an ló fà á, NHS ló yẹ kó san gbogbo rẹ̀, ìbáà ṣe nílé ẹni tàbí ní ilé ìtọ́jú, láìbéèrè iye tó wà ní báńkì. NHS Continuing Healthcare ni orúkọ rẹ̀. Ẹjọ́ Pamela Coughlan, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ní ọdún 1999, ló jẹ́ kó hàn gbangba pé ìtọ́jú nọ́ọ̀sì tí káńsù lè gbà sọ́rùn ní ìwọ̀n, pé ohun tó bá ti kọjá ìwọ̀n náà, ọrùn NHS ló wà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìwé àyẹ̀wò kékeré kan wo aláìsàn. Bó bá yege níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ti káńsù á jọ yẹ ọ̀nà 12 wò, láti orí mímí, jíjẹun, ìtọ̀ àti ìgbẹ́, awọ ara àti rírìn, títí dé orí ọpọlọ, ìwà àti oògùn lílò, ìpinnu sì yẹ kó jáde láàárín ọjọ́ 28. Orúkọ àìsàn nìkan kì í tó. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá ṣe ló ń rí i gbà, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ń dá padà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá dá padà ní oṣù mẹ́fà láti ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti máa ń pàdánù nìyí, a sì ti rí i débi pé kò yà wá lẹ́nu mọ́. Òṣìṣẹ́ á béèrè bí Màmá ṣe sun oorun àná, ọmọ á dáhùn pé, "A dúpẹ́, wọ́n ń gbìyànjú." Ó tún béèrè bóyá wọ́n ń rí oúnjẹ gbé mì, Màmá tí wọ́n ti wẹ̀ fún, tí wọ́n ti we gèlè fún nítorí àlejò, á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní kò sí ohun tó ṣe àwọn. Òṣìṣẹ́ náà kò mọ̀ pé ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa kì í ka àìlera ìyá rẹ̀ fún àlejò. Ohun tó gbọ́ ló kọ sílẹ̀, ohun tó kọ sílẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe ìpinnu. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé ní alaalẹ́, iye ìgbà tí ẹ yí Màmá padà lórí bẹ́ẹ̀dì, iye ìgbà tí omi bá ọ̀nà òdì lọ, ìgbà tí wọ́n kọ oògùn, ìgbà tí wọn kò dá yín mọ̀. Ìdí nìyẹn náà tí a fi ní kí ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá lọ́wọ́ wọn, dípò kí ọmọ-ọmọ máa túmọ̀ ohun tí ojú ń tì í láti sọ. Ẹ pe èyí ní iṣẹ́ àṣekún nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ. Lójú tiwa, òun gan-an ni iṣẹ́.

Bí NHS bá wá kọ̀, tí Màmá sì wọ ilé ìtọ́jú tó ní nọ́ọ̀sì, NHS ṣì ń san owó kan lọ́sẹ̀ fún ilé ìtọ́jú náà fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì; £254.06 ni ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026. Ẹ rí i pé ó hàn nínú ìwé owó tí wọ́n bá fún yín. Lẹ́yìn èyí ni káńsù á ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àpò. Ní England, ẹni tí owó àti dúkìá rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ló ń san gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kì í sì fọwọ́ kan ohun ìní tí kò bá tó £14,250, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì á ṣì máa bá owó ìtọ́jú lọ. Iye wọ̀nyí kò yí padà láti ọdún 2010, nígbà tí ohun gbogbo mìíràn ti wọ́n. Ààlà £86,000 tí ìjọba ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní san kọjá, wọ́n pa á tì ní oṣù keje ọdún 2024, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa retí rẹ̀. Wọ́n sì ń ka ilé tó wà ní òkè òkun pẹ̀lú: ilé tí Màmá bá fi owó ara wọn kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú kò fara pa mọ́ lójú òfin yìí. Ti agboolé tí gbogbo ẹbí jọ ni yàtọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà.

Ní ti ilé Peckham, ẹ tún lẹ́tà wa kà, ẹ jọ̀wọ́. Níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá ń gba ìtọ́jú nínú ilé ara wọn, bó ti rí báyìí, káńsù kò gbọdọ̀ ka ilé náà mọ́ dúkìá wọn. Bí wọ́n bá wọ ilé ìtọ́jú láti máa gbé ibẹ̀, wọn kò ní kà á fún ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lè bá káńsù ṣe àdéhùn pé kí ó máa san owó tó bá yẹ kó ti ara ilé jáde, kí ó sì gba tirẹ̀ padà nígbà tí ẹ bá tà á tàbí lẹ́yìn ọjọ́ Màmá. Èlé wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi ipá tà á nígbà ayé wọn. Àti pé bí ẹbí kan tó ti pé ọgọ́ta ọdún bá ti ń gbé ibẹ̀ kí ẹni náà tó wọ ilé ìtọ́jú, wọn kò ní ka ilé náà rárá.

Nípa owó wa, òótọ́ ni pé òfin pa á láṣẹ fún káńsù láti la ọ̀rọ̀ yìí yé ẹnikẹ́ni, kódà ẹni tí yóò sanwó fúnra rẹ̀. Age UK, ẹgbẹ́ aláàánú fún àwọn àgbàlagbà, náà ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, a sì sọ èyí fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ohun tí ẹ sanwó fún ni pé a ka ìwé ọsíbítù, a bá yín jókòó nínú ìpàdé, a lọ wo àwọn ilé ìtọ́jú, a ka ìròyìn CQC, àjọ tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò, lórí wọn, a sì béèrè bóyá òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá, nítorí àgbàlagbà tí àìsàn bá kan ọpọlọ rẹ̀ lè gbàgbé èdè òyìnbó kó ku èdè abínibí. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú kankan.

Ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà náà ńkọ́? Tíì ni wọ́n ń mu lóòótọ́. A kò júwe rẹ̀ fún yín bí ìtọ́jú. A júwe rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, tí ẹ kọ pé wọ́n ń gbé pẹ̀lú Màmá, tí wọ́n sì ń dá tọ́jú wọn, lè rí wákàtí mélòó kan sinmi lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín tún ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò olùtọ́jú lọ́dọ̀ káńsù, ìyẹn kí wọ́n wo ìrànwọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú fúnra rẹ̀ nílò, Màmá sì lè béèrè Attendance Allowance, owó ìjọba fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, tó jẹ́ £73.90 tàbí £110.40 lọ́sẹ̀ ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, láìka iye tí wọ́n ní sí. Ẹ̀gbọ́n yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ilé sì rọ̀ mọ́, nítorí òfin ọgọ́ta ọdún tí a sọ lókè. Nínú lẹ́tà wa, a béèrè ọdún tí wọ́n bí wọn àti ọdún tí wọ́n kó wọlé tọ Màmá; a kò tíì rí èsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà wọn àti lẹ́tà kan tó ní àdírẹ́sì ilé náà ránṣẹ́ sí wa ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe sábẹ́ èsì yìí, a ó sì kọ̀wé sí káńsù lórúkọ yín láìgba owó mìíràn.

Olùdarí ilé iṣẹ́