Òróró kànáfùrù ò lè wo eyín ọmọ yín sàn, ẹ jọ̀ọ́

Ọ̀rẹ́ mi kan tún ti gbé e dé. Dókítà eyín ní kòkòrò ti jẹ eyín ọmọ ẹ̀ wọnú ẹran inú eyín, pé àwọn máa gé apá tó ti bàjẹ́ kúrò, àwọn á fi oògùn sí i, àwọn á sì dé e pa. Ó ní láéláé, wọn ò ní fi kẹ́míkà pa òun lọ́mọ, òróró kànáfùrù ńkọ́, etí erin (aloe vera) ńkọ́, ṣebí wọ́n ti ṣe rìsáàṣì ẹ̀.

Rìsáàṣì wo? Mo ka díẹ̀ lára wọn o. Lóòótọ́ làwọn dókítà eyín ti dán etí erin àti ata ilẹ̀ pupa (turmeric) wò nínú eyín ọmọdé. Àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ gún ọmọ lábẹ́rẹ́ kó má baà mọ ìrora, wọ́n ha gbogbo ibi tó jẹrà kúrò, wọ́n gé ẹran inú eyín títí dé ẹnu gbòǹgbò, wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá fi ewé síbi tí oògùn ì bá wà, wọ́n rẹ́ ẹ pa, wọ́n sì fi irin dé eyín náà lórí. Nǹkan kan ṣoṣo ni ewé rọ́pò nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn. Bóyá lọ́jọ́ kan á wọ àpótí oògùn wọn, ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ ọmọ díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, oṣù díẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ wọn.

Dídé tí wọ́n dé e yẹn gan-an lọba iṣẹ́. Ní 1965, olùwádìí nípa eyín kan tó ń jẹ́ Kakehashi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lu eyín àwọn eku kan wọnú ẹran. Àwọn eku lásán, ẹran inú eyín wọn kú. Àwọn tí wọ́n tọ́ níbi tí jáàmù (kòkòrò àìfojúrí) kankan ò sí, oúnjẹ há sínú ihò eyín wọn, síbẹ̀ ó jinná, nǹkan líle tiẹ̀ hù bo ojú ihò náà. Wọn ò fi ewé kankan sí i o! Jáàmù ló ń pa ẹran yẹn, torí náà tẹ́ ẹ bá ń kán òróró sínú ihò tó lanu sílẹ̀, tí itọ́ àti oúnjẹ ń wọ̀ tọ̀sán-tòru, kí lẹ wá ń ṣe?

Wọ́n á ní "ṣùgbọ́n kò dùn ún mọ́." Kò ní dùn ún náà! Eugenol tó wà nínú kànáfùrù máa ń pa ìrora, àwọn dókítà eyín náà ti ń lò ó tipẹ́. Ẹran inú eyín tó bá sì ti kú, ibo ló ti fẹ́ dùn? Bó ṣe rí fọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ó dákẹ́ ẹkún, gbogbo ilé ń dúpẹ́, nígbà tó yá ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ọyún yọ lérìgì, èmi ni mo dì í mú nígbà tí wọ́n ń yọ eyín náà. Òróró yẹn tí wọn ò bá là á sì máa ń bó ẹnu, tọ́mọ kékeré bá lọ gbé e mì, ó lè ba ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́.

Pé eyín náà máa ṣáà yọ? Eyín ẹ̀yìn lè wà níbẹ̀ títí ọmọ á fi pé ọdún 10 sí 12, eyín àgbà sì wà lábẹ́ ẹ̀ tí ọyún lè bà jẹ́ kó tó hù.

Ti kẹ́míkà, formocresol, oògùn tí wọ́n ń fi sínú eyín tẹ́lẹ̀, ní kẹ́míkà formaldehyde nínú, mo gbà. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ò fẹ́ ẹ. MTA wà tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹ̀, irú sìmẹ́ǹtì kan ni, kò ní formaldehyde nínú rárá, ọ̀pọ̀ dókítà eyín ọmọdé ló sì ti yà síbẹ̀.