Kókó dúdú lójú ara àgbà obìnrin: kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀

Bí obìnrin tó ti dẹ́kun nǹkan oṣù bá ṣàdédé rí kókó pupa tàbí dúdú létè ojú ara rẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ọkọ ló kó àrùn ràn án. Irọ́ ni o. Ọ̀rọ̀ yìí ti fa ìjà sínú ilé lásán, ó sì ti mú kí àwọn ìyá máa tijú lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Angiokeratoma ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín lábẹ́ awọ ló fẹ̀, tí awọ òkè wọn wá nípọn. Kò sí kòkòrò àrùn nínú rẹ̀, nítorí náà kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ètè òde ló sábà máa ń wà. Ó máa ń tó mìlímítà 2 sí 5, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè pọ̀. Oyún, jẹ̀díjẹ̀dí, àìrí ìgbẹ́ yà déédéé àti iṣan tó wú lè dá kún un, torí wọ́n ń ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá ìsàlẹ̀. Ní ti kókó tí HPV, ìyẹn kòkòrò àrùn tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ń fà, ó sábà máa ń jọ àwọ̀ ara, orí rẹ̀ a sì rí págunpàgun.

Dúdú rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀, ó lè dúdú kíá, kó sì máa dunni. Àmọ́ jẹjẹrẹ awọ náà lè dúdú báyìí, ojú lásán ò sì lè fìyàtọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí dókítà fi awò rẹ̀ wò ó, pàápàá bó bá ń tóbi, tó di egbò, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba.

Ẹ má fi òwú dì í, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ásíìdì jó o. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, á máa ṣẹ̀jẹ̀ ni, egbò náà sì lè kẹ̀. Bó bá ṣẹ̀jẹ̀ torí pé ẹ họ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 gbáko, láìṣí i wò. Bí kò bá yọ yín lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, dókítà lè fi iná mànàmáná tàbí laser jó o, tàbí kó gé e, kó sì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò.

Ohun kan ṣì wà: ẹ̀jẹ̀ lára pátá lè má wá láti ara kókó náà. Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró fún oṣù 12, tí ẹ tún rí ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ yẹ ilé ọmọ wò, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé kókó wà níbẹ̀.