Firewall ẹnu ọ̀nà kì í rí ohun tó ń lọ nínú ilé

Bí ẹ bá bi ọ̀gá ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́ pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà wọn, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́ láti Alágbàká títí dé Ọ̀bà-Ilé: "A ti ra firewall. Antivirus wà lórí gbogbo ẹ̀rọ wa. Bí olè bá wọlé, a ó mọ̀." Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń sọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn aládàáni ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà fún wọn gan-an ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níhìn-ín gbọ́ ìdí rẹ̀, nítorí owó àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì àti àkọsílẹ̀ àìsàn àwọn ìyá wa ló wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí waya ṣe lọ. Firewall, ẹ̀rọ tó ń yẹ ohun tó ń kọjá wò, dúró sí àárín ọ́fíìsì yín àti ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Ohun tó ń jáde àti ohun tó ń wọlé nìkan ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Bí kọ̀ǹpútà kaṣíà bá fẹ́ bá ti akọ̀wé sọ̀rọ̀, tí àwọn méjèèjì sì so mọ́ switch (àpótí tó so waya àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) kan náà nínú 192.168.1 kan náà, ìyẹn agbègbè àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà kò kan firewall rárá. Kọ̀ǹpútà kaṣíà á kéde pé ta ló ni IP (àdírẹ́sì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì) báyìí, ti akọ̀wé á dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà MAC tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, switch á sì máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ó parí. Firewall olówó gọbọi wà lókè lọ́hùn-ún, kò gbúròó wọn. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tiwa, inú 192.168.1 kan ṣoṣo yẹn ni kámẹ́rà ara ògiri wà, ibẹ̀ ni printer wà, ibẹ̀ ni server tí àkọsílẹ̀ owó wà lórí rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni fóònù àlejò tó gba páswọ́ọ̀dù WiFi wà.

Antivirus ńkọ́? Ohun àjèjì ni antivirus mọ̀ ọ́n wá. Olè tó bá ti ráyè wọ kọ̀ǹpútà kan, bóyá nítorí pé kaṣíà ṣí fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nínú email, kì í sábà nílò ohun àjèjì mọ́. PsExec tó fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ míì, Microsoft fúnra rẹ̀ ló ń pín in, àwọn ẹnjiníà sì ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. RDP, tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ míì láti ọ̀nà jíjìn, wà nínú Windows. WMI, tí alákòóso fi ń darí ẹ̀rọ míì, wà nínú Windows. Kọ́kọ́rọ́ náà, ti onílé ni: Windows máa ń tọ́jú hash páswọ́ọ̀dù (àmì tí wọ́n fi ìṣirò yọ látinú páswọ́ọ̀dù) sínú mẹ́mórì, ẹni tó bá sì ti di alákòóso lórí ẹ̀rọ kan lè kó hash yẹn, kó fi wọ ẹ̀rọ kejì láìmọ páswọ́ọ̀dù gan-an. Lójú ẹ̀rọ kejì, ọ̀gá IT ló dé. Níbi tí wọ́n bá sì ti fi páswọ́ọ̀dù Administrator kan ṣoṣo sórí gbogbo kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn dé, tí wọn kò sì yí i padà mọ́, hash kan ti ṣí gbogbo yàrá sílẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo NotPetya, àrùn kọ̀ǹpútà tó jà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017. Inú àtúnṣe sọ́fítíwíà ìṣirò owó kan tí wọ́n ń pè ní M.E.Doc ló gbà wọ àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ukraine. Láti ibẹ̀, ó ń kó orúkọ àti páswọ́ọ̀dù nínú mẹ́mórì, ó ń fi PsExec àti WMI fò láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, ó sì ń lo EternalBlue, irinṣẹ́ tó ń gba ihò kan nínú Windows wọlé, ihò tí Microsoft ti dí láti oṣù kẹta ọdún yẹn. Kọ̀ǹpútà tó ti gba àtúnṣe Microsoft kò bọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ ló fi ń wọlé. Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti Denmark, sọ pé àdánù òun tó mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là. Gbogbo domain controller wọn káyé, ìyẹn server tó ń pinnu ẹni tó lè wọlé, ló run, àfi ẹyọ kan ní Gánà: iná ti lọ níbẹ̀ kí àrùn náà tó dé, ẹ̀rọ náà wà ní pípa. Òṣìṣẹ́ wọn kan gbé hard drive náà wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Gánà wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn, àìsí iná ló gbà á. Ta ni nínú wa tó fẹ́ gbára lé irú oríire bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣọdẹ nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò gbọdọ̀ jókòó máa dúró de ohun àjèjì. Ẹ̀rọ wo ló ń bá ẹ̀rọ wo sọ̀rọ̀, nígbà wo, lẹ́yìn kí ni? Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ máa ń lọ sọ́dọ̀ server, ó máa ń lọ sọ́dọ̀ printer. Kì í sábà lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àlejò tó wá kí ẹnì kan nínú agboolé kì í kan ilẹ̀kùn gbogbo yàrá.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ́fíìsì alájẹṣẹ́kù kan ní ìlú Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà kaṣíà ni .23, ìyẹn ìparí IP rẹ̀. Zeek, sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ń ka gbogbo ohun tó ń kọjá lórí switch, ó sì ń kọ ọ́ sínú àwọn log (ìwé àkọsílẹ̀). Ní aago mẹ́wàá kọjá láàárọ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, conn.log fi hàn pé .23 kan port 445 (ilẹ̀kùn tí Windows fi ń pín fáìlì) lára .20, .21, .22, .24, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ kò dá a lóhùn. .31, tí í ṣe kọ̀ǹpútà oníṣirò owó, dá a lóhùn. Kò pẹ́, smb_files.log kọ ọ́ pé .23 gbé fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .exe sínú ADMIN$ (fódà tí alákòóso nìkan lè wọ̀ láti ẹ̀rọ míì) lórí .31. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, dce_rpc.log kọ svcctl, lẹ́yìn náà CreateServiceW, lẹ́yìn náà StartServiceW, ìyẹn ni pé wọ́n pàṣẹ láti òkèèrè pé kí service (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀) kan dìde. Ẹ lọ ṣí log Windows lórí .31 fúnra rẹ̀: 4624 wà níbẹ̀, logon type 3, ìyẹn ni pé ẹnì kan wọlé láti orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ó ti ọ̀dọ̀ .23 wá, 7045 wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá service tuntun sílẹ̀. Kaṣíà kì í dá service sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ oníṣirò owó. Kò sí antivirus kankan tó pariwo ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni á ní kí ẹ máa wá orúkọ PSEXESVC, service tí PsExec máa ń dá sílẹ̀. Ẹ wá a, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, torí olè lè fún un ní orúkọ tó bá wù ú. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra ni kò lè tètè yí padà: fáìlì wọ ADMIN$, service dìde, ẹ̀rọ tó gbà á náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì jù lójú mi. Bí .23 bá wọ .31 pẹ̀lú RDP ní port 3389, tí .31 sì gbéra láti ibẹ̀ wọ server, ẹ so àwọn méjèèjì pọ̀. Ìrìn kan ṣoṣo ni. NTLM náà (ọ̀nà ìwọlé àtijọ́ ti Windows), níbi tí Kerberos (ọ̀nà tuntun) ti yẹ kó wà, tó ohun tí a ń yẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá fi IP ṣí fódà dípò orúkọ server náà á fa NTLM láìní ẹ̀bi.

Ibì kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó kò ti lè ràn wá lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ iná ni. Bí iná bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán, gbogbo kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí inverter á tan pọ̀, wọ́n á sì ya bo domain controller ní port 88, 389 àti 445. Lójú ẹni tí kò mọ ìlú yìí, ogun ti dé. Kì í ṣe ogun. Gbogbo wọn ń lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Ti olè, ẹnì kan ló ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn. Bákan náà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń yí IP padà: .23 àárọ̀ lè má jẹ́ .23 ìrọ̀lẹ́. Ẹ tọ́jú log DHCP (ètò tó ń pín IP fún àwọn ẹ̀rọ), kí ẹ sì fi MAC àti orúkọ ẹ̀rọ tọ ipasẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lẹ máa mú. Ìkan nínú àǹfààní tí ipò wa sì fún wa nìyí: ọ́fíìsì tí wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀ láti aago mẹ́fà, tí ẹ̀rọ kan níbẹ̀ ṣì ń wọ ẹ̀rọ míì láago méjì òru lórí inverter, kò nílò onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kí a tó béèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ tó ń kan ilẹ̀kùn kọ́ ni olè. Server antivirus máa ń bẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò, backup náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnjiníà yín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò, kí ẹ lè mọ ẹni tí kò sí nínú ìwé.

Àwọn kan á ní owó rẹ̀ kò sí. Zeek, tí wọ́n ń pè ní Bro títí di ọdún 2018, ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń lo Linux lè gbé e ní ọ́fíìsì kékeré. Ohun tó máa ná yín lówó ni switch tó lè da ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá kọ sí port kan (ojú ihò waya kan) fún Zeek láti kà, torí àwọn switch pọ́ọ́kú tó pọ̀ lọ́jà kò lè ṣe é. Kódà bí SMB, ọ̀nà tí Windows fi ń pín fáìlì, bá ti fi kóòdù ìkọ̀kọ̀ bo inú ọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀, àkókò àti ìwọ̀n rẹ̀ ṣì hàn. Bí switch kò bá tíì ṣeé rà, ẹ fi Windows Firewall dí 445 àti 3389 láàárín kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ sí òṣìṣẹ́. Kọ́bọ̀ kan kò ní jáde lápò yín. Ẹ kàn ṣọ́ printer tó so mọ́ kọ̀ǹpútà akọ̀wé, torí òun ló máa kọ́kọ́ kú, ẹ sì máa ní láti ya òun sọ́tọ̀. LAPS, tó ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní páswọ́ọ̀dù Administrator tirẹ̀, ti wà nínú Windows 10 àti 11 láti oṣù kẹrin ọdún 2023.

Bí ẹ bá wá rí i lóòótọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré pa ẹ̀rọ náà. Ohun tó wà nínú mẹ́mórì á bá a lọ. Waya nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kí ẹ yọ, kí ẹ sì pa WiFi rẹ̀. Ẹ má sì fi páswọ́ọ̀dù domain admin (alákòóso gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì) jókòó sídìí rẹ̀ láti lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí hash yẹn gan-an ni olè ń dúró dè. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago: bí ìsọfúnni àwọn èèyàn bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti sọ fún Àjọ Nigeria Data Protection Commission, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀.