Ẹ Bi Olódòdó Léèrè Omi Kí Ẹ Tó Bi Í Léèrè Àwọ̀

Ẹ̀yin ìyàwó ojú ọ̀nà, àti ẹ̀yin ìyá ìyàwó tí owó ń tọwọ́ yín jáde, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Gbọ̀ngàn ayẹyẹ ni mò ń mójú tó níbí nílùú Ìbàdàn. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn olódòdó, àwọn tó ń fi òdòdó ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́, lóru Fúráìdé, èmi náà ni mò ń tilẹ̀kùn lẹ́yìn wọn bí wọ́n bá kó ẹrù wọn tán lálẹ́ Sátidé. Ohun tí ẹ ń rí lórí Instagram, mo ti rí i kó tó di àwòrán, mo sì tún máa ń rí i nígbà tó bá rọ tán. Èrò ọkàn mi nìyí, ẹni tí kò bá gbà kó sọ tirẹ̀: ojú nìkan ni ọ̀pọ̀ yín fi ń yan olódòdó. Ẹ fi àwòrán hàn án, ó ní òun á ṣe é, ẹ ti sanwó. Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ni òdòdó yẹn máa sùn nígbà tí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ti ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú òdòdó tútù tí a ń lò kì í ṣe ọmọ ilé. Róòsì ń ti Kẹ́ńyà wá, lẹ́bàá adágún Naivasha tí oko òdòdó pọ̀ sí. Òmíràn ti gba ọjà Aalsmeer ní Netherlands kọjá kó tó wọ bàálù. A tún ní ti Jos, torí orí òkè ni ìlú náà wà, ó tutù, róòsì sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Èyíówù kó jẹ́, bí wọ́n bá ti gé e, òtútù inú fíríìjì lara rẹ̀ ń fẹ́, bíi 1 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ wá wò ó: ó balẹ̀ sí Ìkẹjà, ó dúró de àwọn aṣọ́bodè, ó wọ mọ́tò, ó bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, oòrùn oṣù Kẹta sì mú ganrínganrín.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó ṣáájú lẹ́nu yín ni pé: ọjọ́ wo ló máa dé ọwọ́ yín? Níbo lẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí? Ta ló máa tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gé, táá já ewé ìsàlẹ̀ kúrò kó má bàa jẹrà sínú omi? Olódòdó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ máa tàn bí ẹ bá bi í nírú èyí, torí kò sẹ́ni tó ń bi í. Mo mọ obìnrin kan tó jẹ́ pé bó bá di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, yàrá tí éè-sì wà nínú ilé rẹ̀ ló ń kó òdòdó sí, òun àti ọkọ rẹ̀ á lọ sùn ní pálọ̀. Ẹni tí mo lè fowó mi lé lọ́wọ́ nìyẹn. Mo sì mọ ẹlòmíràn tó kó òdòdó tí wọ́n ń pè ní carnation sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n. Èso tó bá ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, afẹ́fẹ́ ọ̀hún ló ń mú òdòdó darúgbó kíákíá, carnation ni kò tiẹ̀ lè fara dà á rárá. Nígbà tí òdòdó náà rọ, olódòdó ọ̀hún ní ẹni tó tà á fún òun ló rẹ́ òun jẹ.

Fóòmù náà ńkọ́? Ẹ ti rí nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn tí wọ́n ń gún òdòdó mọ́, Oasis ni wọ́n sábà máa ń pè é. Omi inú rẹ̀ ni òdòdó fi ń gbé ara ró títí òde á fi parí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò máa gbé e lé orí omi, á fi í sílẹ̀ kó mumi fúnra rẹ̀ títí táá fi rì. Ẹni tó ń kánjú máa fọwọ́ tì í mọ́lẹ̀. Ìta rẹ̀ á tutù, inú rẹ̀ á gbẹ. Mo ti dúró wo èyí lóru, mi ò sì lè sọ̀rọ̀, torí èmi kọ́ ni mo gbà á síṣẹ́. Kí wọ́n tó gé kéèkì, àwọn òdòdó tí wọ́n ń pè ní hydrangea ti dorí kodò. Kí ẹ béèrè pé "báwo lẹ ṣe ń rẹ fóòmù yín?" kò ná yín ní kọ́bọ̀, ìdáhùn rẹ̀ ló sì máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá oníṣẹ́ lẹ bá pàdé àbí ẹni tó kàn ń ra òdòdó tà.

Ní ti àwòrán, ẹ má wo èyí tí wọ́n yà láàárọ̀ kí èrò tó wọlé. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò hàn yín, èyí tí wọ́n fi fóònù ká nírọ̀lẹ́, nígbà tí ijó ti gbóná, tí iná gbogbo gbọ̀ngàn sì wà ní títàn. Àwòrán òkèèrè ló kún ojú ìwé àwọn mìíràn. Ẹnì kan fi èyí tó ní òun ṣe ní Bódìjà hàn mí, mo wo fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, yìnyín ń bọ́ níta.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ti London bọ̀ wá ṣègbéyàwó lóṣù Kejìlá náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òdòdó tí wọ́n ń pè ní peony sílẹ̀. Ọ̀gìnnìtìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un dáadáa kó tó lè tanná, oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà sì ni ìgbà rẹ̀ lọ́hùn-ún. Olódòdó tó bá sọ fún yín pé kò ṣe é ṣe ti ṣe yín lóore. Ẹni tó bá ní "kò sí wàhálà, mà" láìbéèrè ohunkóhun ni kí ẹ sá fún.

Wàyí o, òdòdó oníke. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n mi ò rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Èyí tó wà lókè àjà, ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án? Ta ló fẹ́ gbóòórùn rẹ̀? Kí owó òdòdó tútù lọ síbi tí ojú àti imú ti ń sún mọ́ ọn: ọwọ́ ìyàwó, àyà kóòtù ọkọ, tábìlì àwọn òbí. Ìyókù, kí wọ́n fi oníke ṣe é, bó bá ṣáà ti mọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oníke náà ń gbó, ó ń gba eruku, funfun rẹ̀ ń pọ́n rúsúrúsú. Gééètì kan tí wọ́n fi òdòdó oníke funfun ṣe wà tí wọ́n ti háyà rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa débi pé ojú èmi àti ẹ̀ ti mọra. Ó kù díẹ̀ ká máa kíra wa. Ẹ lọ síbi tí olódòdó yín ń kó ẹrù sí lójúmọmọ, ẹ fọwọ́ pa á. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníke lèyí, tútù lèyí, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀, tí wọ́n gba owó tútù lórí gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀yìnkùlé wa kò ṣófo. Heliconia pupa, ginger olódòdó ńláńlá, croton tí a fi ń ṣe ọgbà, imọ̀ ọ̀pẹ: gbogbo wọn ló mọ ooru wa, wọn kì í bẹ̀rù rẹ̀. Hibiscus nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀, torí ọjọ́ kan péré ni òdòdó rẹ̀ sábà ń lò. Ìyàwó kan fi imọ̀ ọ̀pẹ àti heliconia ṣe àárín gbogbo tábìlì rẹ̀. Alẹ́ ti lẹ́ kí a tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó ṣì le koko. Ìyá ọkọ rojú, ó ní ó jọ ojúbọ Ògún. Àwọn àlejò ní tiwọn ń béèrè ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ti òkèèrè, ẹ sì rántí ohun tójú náírà ti rí láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi í sílẹ̀ fún ọjà. Iye tí wọ́n dá fún yín lóṣù Kìn-ín-ní lè má dúró títí di oṣù Kẹsàn-án. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀: bí róòsì funfun bá wọ́n kọjá agbára, kí ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, ta ló sì máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i? Ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́ sí oṣù Kejì, kó mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń du róòsì nítorí ọjọ́ olólùfẹ́, ọjọ́ 14 oṣù náà. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ di àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí ẹnì kan nínú ẹbí tí kì í tijú bá ti lọ wò ó. Ẹ sì bi olódòdó bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ àbí àwọn ọmọ iṣẹ́, torí àwọn kan ń gba ìgbéyàwó bíi mélòó kan pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àwa onígbọ̀ngàn náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kí n má purọ́. Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Ọ̀pọ̀ wa kì í tan éè-sì títí àlejò á fi máa wọlé, bẹ́ẹ̀ òdòdó ti wà nínú ooru látòru. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn gbọ̀ngàn pé aago báyìí ni éè-sì máa tàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fowó kún un, ẹ yọ ọ́ nínú owó òdòdó àjà.

Lílì ńkọ́? Kí wọ́n já àwọn orí kéékèèké tó ní lẹ́búlẹ́bú láàárín rẹ̀ kúrò. Bí lẹ́búlẹ́bú yẹn bá kan aṣọ funfun, ọṣẹ kì í tètè rí tirẹ̀ ṣe.

Ó wá ku ìkòkò dígí tí wọ́n ń to òdòdó sí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Bí òde bá ti fẹ́ parí, àwọn àǹtí á ti gbé ti orí tábìlì wọn sínú báàgì, wọ́n á ní ohun ìrántí ni. Háyà ni ìkòkò yẹn o, inú owó ìdógò ìyàwó ni wọ́n sì ti máa yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí adarí ètò kéde rẹ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde: òdòdó ni kí wọ́n mú, kí wọ́n fi ìkòkò sílẹ̀. Èmi ò lè bá yín gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo gbìyànjú rẹ̀ rí, àǹtí ọ̀hún bi mí pé ọmọ ta ni mí.