Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Àmọ́ Èwo Ló Ṣeé Rìn?

Ó ti ń di àṣà n'Íbàdàn báyìí pé bí obìnrin bá ti sọ pé owó ọkọ̀ ti kó èrè òun lọ, ọkùnrin kan á ti dá a lóhùn wẹ́rẹ́ pé, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, wá nǹkan míì ṣe." Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú gidi. Àwọn tó pa òwe yẹn rí i pé ẹni tó gba ọ̀tún á dé ọjà, ẹni tó gba òsì náà á débẹ̀. Ta ló wá ní ká máa fi dí ẹnu ẹni tí gbogbo ọ̀nà tiẹ̀ ti bàjẹ́?

Ẹ wo ìyá tó ń ti abà lọ́nà Akànràn gbé ẹ̀fọ́ wá sígboro. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé e dé títì, torí mọ́tò kì í wọ ọ̀dọ̀ wọn bí òjò bá ti rọ̀. Ọlọ́kadà gba owó èèyàn, ó gba ti ẹrù. Ó dé títì, awakọ̀ Micra, takisí kékeré tó kún ìgboro Ìbàdàn, wo àpò rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹrù yín á sanwó o." Kó tó dé ọjà, àwọn tó ń rà á lódindi ti lọ, ẹ̀fọ́ ti rọ, ìdajì owó ló tà á. Ẹ wá ní kó wá nǹkan míì ṣe. Ṣé kó máa ta gààrí ni? Ọ̀nà kan náà ni gààrí máa gbà.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù May 2023, lítà kan tó wà ní nǹkan bí 190 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo wa la ké. Àmọ́ ẹni tó ní mọ́tò lè dín ìrìn kù. Aláte ò lè dín in kù, àfi kó fi ebi pa ọmọ.

Mi ò kórìíra títì ńlá o. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìséyìn tí wọ́n tún ṣe, 65 kìlómítà, ohun rere ni. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní June 2021 náà dára. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà létí ìlú ló ń já èrò sí, nígbà tó jẹ́ pé ti àtijọ́, tó wọ Ìbàdàn ní 1901, Dùgbẹ̀ láàárín ìgboro ni ibùdó tiẹ̀ wà. Obìnrin tó bá sọ̀ ní Mọ́níyà lálẹ́ tòun tẹrù ṣì máa wọ ọkọ̀ míì nínú òkùnkùn, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ẹ̀rù alẹ́ yìí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wa. Mo mọ ọ̀kan tó ríṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn kan ní Challenge. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń jáde. Àdúgbò wọn lọ́nà Olódó ṣókùnkùn, ọlọ́kadà kì í sì í fẹ́ wọbẹ̀ lálẹ́ nítorí kòtò. Kò pẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní, kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe ń délé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wọ Micra ní Ìwó Road nírọ̀lẹ́, mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. Ìyá ọlọ́mọ há sáàárín, ó ti tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé itan, báàgì ọjà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí táyà bá ti bọ́ sí kòtò, ọrùn ọmọ á yẹ̀ sọ́tùn-ún, á yẹ̀ sósì. Àwa tó kù á kọjú sójú fèrèsé.

Níbo lẹ̀yin àgbà wà? Ẹ̀yin alága káńsù, ọ̀nà abà gan-an niṣẹ́ yín, gírédà ò sì débẹ̀. Ìgbà ìbò nìkan lẹ̀ ń rántí ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù, ẹ dáwó ṣe géètì, ẹ dáwó gba ọdẹ, ẹ ò lè dáwó ra òkúta sí kòtò tó wà níwájú géètì ọ̀hún. Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ ní ìyàwó ò gbọdọ̀ pẹ́ níta, ẹ dìde nídìí ayò, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ pàdé rẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ pe ìpàdé àdúgbò kí òjò tó le, kí ẹ sì jẹ́ káwọn obìnrin tó ń ru ẹrù kọjá níbẹ̀ tọ́ka kòtò tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ dí.