Àwọn Atọ́kùútawò Ilẹ̀ Santorini

Fáàrí ti kúrò lórí aṣọ àti mọ́tò báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ káyé mọ̀ pé ojú òun ti là, Santorini ló ń lọ, erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì tó wà lójú òkun Aegean. Á jókòó sétí bèbè gíga tó kọjú sí omi, á na ife wáìnì funfun sí oòrùn tó ń wọ̀, á fà á mu díẹ̀, á pajú dé, á wá kéde fáwọn tó yí i ká pé, "Òkúta wà nínú rẹ̀. Òkúta àti iyọ̀ òkun." Gbogbo tábìlì á mirí.

Òkúta o! Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń gbá lọ́wọ́ ní kékeré torí iyẹ̀pẹ̀ tó ń kó sẹ́nu, òun ló dàgbà tán tó ń san yúrò kí wọ́n lè jẹ́ kó tọ́ òkúta wò.

Ètò wà fún un. Bọ́ọ̀sì á kó wọn láti Fira, olú ìlú erékùṣù náà, lọ sí abúlé Pyrgos tàbí Megalochori. Wọ́n á to ife síwájú oníkálukú, ọtí inú rẹ̀ kò ní ju ẹnu mẹ́ta lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ á ní kí wọ́n yí ife náà, kí wọ́n tẹ imú bọ inú rẹ̀, kí wọ́n fà á sẹ́nu, kí wọ́n fi yọ ẹnu. Àwọn kan á tún tu ú sínú korobá. Ládùúgbò tí mo ti dàgbà, ẹni tó bá san owó ọtí tó wá tu ú dànù, àwọn ẹbí á ti lọ bá wòlíì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Tiwa náà wà ńbẹ̀. Láti Lọ́ndọ́nù, ọkọ̀ òfuurufú á dé ibẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, kò sì sí tọkọtaya tuntun tí kò fẹ́ kí wọ́n ya òun níwájú àwọn ilé funfun abúlé Oia. Mo lè fojú inú rí ẹ̀gbọ́n kan àti àbúrò rẹ̀ lórí fóònù:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè mọ́ọ̀tì ní gbogbo òde ìnáwó, ẹ ti ń mu wáìnì?"

"Àbúrò mi, èyí kì í ṣe ọtí. Ìrírí ni."

"Ó dùn ni?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn. Ó ní ìtàn."

"Ìtàn ọ̀hún ń dùn ni, àbí ó ń kan?"

Ó ń kan díẹ̀, kí n má purọ́. Mi ò sì bú wáìnì náà o. Ọtí gidi ni, iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń dunni. Assyrtiko lorúkọ èso àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é. Orí eérú àti òkúta fúyẹ́fúyẹ́ tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ síta ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn ló ti ń hù. Òjò kò tó nǹkan níbẹ̀, ẹ̀fúùfù sì burú débi pé wọn kì í sábà jẹ́ kí àjàrà nàró. Ńṣe ni àgbẹ̀ ń ká ẹ̀ka rẹ̀ lọ́dọọdún, tó ń hun ún di apẹ̀rẹ̀ sórí ilẹ̀, kí èso lè rí ibi sá sí. Kouloura ni wọ́n ń pe apẹ̀rẹ̀ náà. Kùrukùru tó ń ti orí òkun wá àti ìrì ló ń rẹ ọ̀ǹgbẹ rẹ̀. Kódà kòkòrò phylloxera, tó jẹ ọgbà àjàrà Yúróòpù run ní ọ̀rúndún 19, kò rí ibi fìdí lé nínú ilẹ̀ eléérú yẹn. Ẹni tó bá máa ká èso yìí kò lè wà lóòró. Ó ní láti tẹ̀ kanlẹ̀ lábẹ́ oòrùn oṣù Kẹjọ.

Àlejò á wò ó, á ní, "Ó mà rẹwà o!" Òun náà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá apẹ̀rẹ̀ kan kí wọ́n lè ya òun. Kí fọ́tò tó yọ, ó ti di ìbàdí mú.

Ibi oúnjẹ ni ẹ̀rín wà jù. Wọ́n ní ọtí yìí kò gbọdọ̀ dá lọ sọ́fun, àfi kí oúnjẹ ìbílẹ̀ sìn ín. Olórí oúnjẹ ọ̀hún ni fava, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ti ń gbìn lérékùṣù náà láti ayé ìlú àtijọ́ Akrotiri, kí òkè tó bú gbàmù bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n á sè é, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á da òróró ólífì àti àlùbọ́sà lé e. Ẹni tó bá ti jẹ gbẹ̀gìrì rí ti mọ̀ ọ́n tán, ewédú nìkan ló kù. Oúnjẹ ẹni tí kò rí ẹran rà ni látijọ́. Lónìí, ṣíbí kan rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sí àárín àwo ràgàjì, wọ́n á fi òdòdó kan dé e lórí, ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ dúdú á wá ṣàlàyé pé ilẹ̀ inú fava ń kí iyọ̀ inú wáìnì. Wọ́n ń kíra wọn! Ẹni tí ebi ń pa sì jókòó tì wọ́n, ó ń dúró kí ìkíni parí.

Tòmátò náà ò gbẹ́yìn. Kékeré ló máa ń so torí kò rómi mu, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn. Wọ́n ń gé e mọ́ àlùbọ́sà, ewé olóòórùn àti ìyẹ̀fun, wọ́n á dín in bí ẹni pé ẹran ni. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ tòmátò ń fún èèyàn púpọ̀ níṣẹ́ níbẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1956 wá ba ilé jẹ́, ọ̀pọ̀ kó lọ sí Áténì. Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà, ní Vlychada, ti di mùsíọ́ọ̀mù. Ìgbà tí tòmátò ń bọ́ ìlú, kò sẹ́ni tó wá wò ó.

Vinsanto, wáìnì aládùn wọn, ńkọ́? Wọ́n á sá èso àjàrà sóòrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọtí rẹ̀ á wà nínú àgbá fún ọdún méjì ó kéré tán. Àwọn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ilẹ̀ Rọ́ṣíà ń rà á tẹ́lẹ̀ fún Oúnjẹ Olúwa. Ní báyìí, ṣokoléètì ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn.

Gbogbo wọn ló sì ń sọ pé ìgbé ayé ìbílẹ̀ làwọn wá wò. Ní oṣù Keje ọdún 2024, nǹkan bí 17,000 èèyàn ni wọ́n ń retí lọ́jọ́ kan láti inú àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Aláṣẹ àdúgbò kan bọ́ sórí Facebook, ó ní kí àwọn ará ìlú dín ìrìn wọn kù. Àwọn onílé ni kó jókòó sílé, kí àlejò tó wá wo ìgbé ayé wọn lè ráyè kọjá! Inú bí àwọn ará ìlú, ọ̀rọ̀ náà sì di yíyọ kúrò. Ọgbà àjàrà pàápàá ń dín kù lọ́dọọdún, torí ilé ìtura tó ní omi ìlúwẹ̀ẹ́ ń mówó wọlé ju àgbẹ̀ lọ. Àlejò á sùn sórí ilẹ̀ tí wọ́n hú àjàrà kúrò, ilẹ̀ á mọ́, á wọ bọ́ọ̀sì lọ wo àjàrà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, òkúta tí wọ́n ń yìn náà dá wọn lóhùn. Ilẹ̀ ń mì léraléra, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn di ẹrù, wọ́n wọkọ̀ kúrò nílùú. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dúró láti tọ́ ọ wò.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti padà o, ọ̀rọ̀ àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló sì kù. Láti Fira sọ̀ kalẹ̀ dé èbúté àtijọ́, àtẹ̀gùn bí 600 ló wà níbẹ̀, àwọn ẹranko yìí ló ń gbé àlejò gùn ún. Lọ́dún 2018, ìjọba ilẹ̀ Gíríìsì pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ di ẹrù tó ju kílò 100 lọ lé wọn lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ife mẹ́fà wò, tẹ́ ẹ jẹ fava, tẹ́ ẹ jẹ tòmátò díndín, tẹ́ ẹ wá fi ṣokoléètì dé e, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ orí wáyà wà lápá ibẹ̀ yẹn.